Ọwọ́ Karùn-ún

"Ta ni í jí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì jókòó tó fi béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ránṣẹ́ pè wá, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá òkè, ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tó sunkún kó tó lọ bọ́jú.

"Màmá, ohun tó rú èmi náà lójú nìyẹn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní la fẹ́ ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń wù ì bá ṣáà ní sùúrù."

"Dúró ná," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó wá fìdí lé àga.

Kí n tètè sọ ẹni tí a jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Dúró-Ná ni wọ́n ń pè é ní àgọ́, àwọn olè náà sì mọ orúkọ yẹn dáadáa. Tíṣà ìṣirò ni èmi ní tèmi. Láti ìgbà tí èmi náà ti fẹ̀yìn tì, èmi ni mo ń wa ọkọ̀ rẹ̀, èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èmi náà ni mo sì ń jẹ èébú. Mo máa ń sọ fún un pé ọjọ́ orí ló fi jù mí, kì í ṣe ọgbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí kò gbè mí rárá.

Ọ̀gá ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún wa, kò sì le bí mo ṣe rò. Awò dúdú kan wà, ó tóbi, ó ní okùn tí wọ́n fi ń dè é mọ́ orí. Ẹni tó bá dè é, yàrá tó wà á pòórá lójú rẹ̀, yóò bá ara rẹ̀ níbòmíràn: nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò kọ́, lábẹ́ igi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn. Ayé inú awò ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ayé náà, bí wọ́n ṣe ń fi irinṣẹ́ kan ilẹ̀kùn. Odidi ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kó irinṣẹ́ wọ̀nyí jọ sínú àpò kan, ìyẹn gbogbo kóòdù tí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ayé inú awò tirẹ̀ á nílò. Wọ́n fẹ́ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀. Ẹnikẹ́ni lè tú u bí ẹni tú aṣọ, kó wo ojú rírán rẹ̀, kó tún un rán, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀.

"Kí ló wá sọnù nínú àpò yìí?"

"Ọwọ́, Màmá."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Nínú awò ti àwọn ẹlòmíràn, èèyàn gbọ́dọ̀ di nǹkan mú kó tó lè ṣe ohunkóhun. Nínú tiwa, ọwọ́ lásán tó. Kí kọ̀ǹpútà tó lè mọ ohun tó ń jẹ́ ọwọ́, a fi kámẹ́rà gba ọwọ́ èèyàn méje sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí dúdú yìí. Ìjẹta, lẹ́yìn aago kan ọ̀sán, ẹnì kan kó ọ̀kan jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn la ní."

Mo kọ "àìbìkítà" sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi.

"Ọwọ́ ta ni?"

Ó gbójú sókè wo páálí kan tó wà lára ògiri, níbi tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àwọn méjèèje láti oókan dé eéje. Orúkọ karùn-ún ni MÀMÁ.

"Ti ìyá mi. Aránṣọ ni wọ́n. Oṣù méjì rèé tí wọ́n ti lọ. Inú àpótí yẹn nìkan ni mo tún ti ń rí ọwọ́ wọn."

Èmi tí mo kọ "àìbìkítà" fi bírò fà á rẹ́.

Ọ̀gá kò wá ọ̀nà jìn. Orí kọ̀ǹpútà ẹnì kan báyìí ni wọ́n ti mú ọwọ́ náà, orúkọ ẹni yẹn ló sì wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Ọmọbìnrin tó kọ kóòdù ọwọ́ gan-an ni. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń fi tọrẹ, orúkọ tí wọ́n bá kọ mọ́ àwọn tó ṣe é ni èrè, kò sí òmíràn. Ọ̀gá ní bí aago mẹ́rin bá lù tí òun ò tíì rí ẹlòmíràn tó ṣe é, òun á yọ orúkọ ọmọ náà kúrò lára àpò náà, òun á sì pe ọlọ́pàá.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ náà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Aago mọ́kànlá ti kọjá.

*

Ọlọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Àlejò tí kò bá gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ dáadáa á rò pé olówó ni wọ́n wí, á wá wo bàtà rẹ̀ tó ti ya lẹ́nu, á sì dákẹ́. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó jókòó sí eteetí àga.

"Níbo lo wà nígbà tí aago kan lù ní ìjẹta?"

"Mi ò sí nídìí iṣẹ́ mi, mà."

"Ibi tí o ò sí nìyẹn. Ibi tí o wà ni mo bi ọ́."

Ó wo ilẹ̀kùn.

"Ṣé o jáde nílé yìí ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni?" Èmi ni mo já ọ̀rọ̀ gbà. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo padà sórí ìwé mi.

"Mo ṣèlérí fún ẹnì kan ni, mà. Mi ò lè sọ ọ́."

"Bí o bá dìde nídìí kọ̀ǹpútà rẹ, ṣé o máa ń tì í?"

"Mi ò kì í tì í, mà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

"O mọ̀ pé wọ́n máa yọ orúkọ rẹ?"

"Mo mọ̀, mà." Omi lé ròrò sí i lójú. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mú ọwọ́ Màmá. Àwọn ló máa ń bá mi gán bọ́tìnnì aṣọ mi, wọn kì í jẹ́ kí n bọ́ ọ sílẹ̀."

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Gbé ọwọ́ rẹ wá."

Ó yí ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà padà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ìfábẹ̀lá, àpá iná kékeré kan wà, ó rí roboto, kò tíì jinná tán.

"Iná ilé ìdáná ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni ọmọ náà dáhùn, ó sì yára jù.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

*

Ẹni tó kàn ni àbúrò Ọ̀gá lọ́kùnrin. Àbíkẹ́yìn ni gbogbo wọn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hu funfun. Òun ló ń gba àlejò, òun ló ń kọ lẹ́tà. Kò mọ kóòdù, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

"Mo sọ ọ́, màá tún un sọ!" Kò tíì jókòó. "Ọwọ́ ìyá mi kì í ṣe ìwé ìkéde tí wọ́n ń pín lójú títì. Ẹni tí a ò mọ̀ rí á de awò mọ́jú, á wá máa wo ọwọ́ ìyá mi bí ẹni wo ẹja nínú ìgò! Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n kọ̀."

"O wá yọ ọ́ fúnra rẹ."

"Ó wù mí, Màmá. Wíwù kọ́ ni yíyọ."

"Níbo lo wà?"

"Ẹnu ọ̀nà. Àlejò méjì ló wá. Ẹ lọ wo ìwé àlejò."

Mo lọ wò ó. Àlejò àkọ́kọ́ dé ní aago kan ku ogún ìṣẹ́jú, èkejì lọ ní aago kan ààbọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Àbíkẹ́yìn kan náà ló ń kọ ìwé àlejò. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní ìdí, ó lójú kíkan, ìwé tó fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ sì jẹ́ èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Lójú tèmi ọ̀rọ̀ ti parí, mo tilẹ̀ ti ń ro ibi tí a ti máa jẹun ọ̀sán.

"Dúró ná," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ta ló kù nílé yìí ní ọjọ́ náà?"

Bàbá Wáyà ló kù, nísàlẹ̀.

*

Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Rédíò ló kọ́kọ́ ń tún ṣe, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, kó tó wá di pé awò ló ń tò. Wáyà inú awò wọ̀nyẹn tín-ín-rín ju irun orí lọ, irin gbígbóná kan tó rí bíi bírò ni wọ́n sì fi ń yọ́ òjé lé ojú ibi tí wáyà méjì ti pàdé. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, awò bàjẹ́ nìyẹn. Mẹ́ta wà ní ṣíṣí lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú awò ìkàwé rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ba lé wọn lórí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ojú jíjó yìí mà dán o."

"A dúpẹ́."

"Ìgbà wo lẹ ṣe èyí?"

"Ìjẹta."

"Bí aago kan ṣe ń lù ní ìjẹta, níbo lẹ wà?"

"Ìdí iṣẹ́ mi níbí."

"Ta ló rí yín?"

"Iṣẹ́ mi rí mi." Ó fi ẹnu tọ́ka sí awò orí tábìlì. "Òun náà nìyí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ife tíì kan wà níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i ká, ó dì í mú pinpin.

"Tíì yín ti tutù," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn rẹ̀."

Nígbà tí a ń gun àtẹ̀gùn padà, mo ní, "Àbíkẹ́yìn ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kò mu tíì yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń wí tíì?"

*

A padà sídìí kọ̀ǹpútà Ọlọ́wọ́. Ọmọ náà fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan jáde nínú àpótí dúdú. Fèrèsé kékeré kan ló ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á tẹ nọ́ńbà ọwọ́ tí wọ́n fẹ́, àpótí á sì gbé e jáde. Gbogbo ohun tí wọ́n bá béèrè ni fèrèsé náà ń kọ sílẹ̀. Èyí ló kọ fún ọjọ́ náà:

*Ọjọ́ méjì sẹ́yìn, 1:07. Ọwọ́ 44. Kò sí irú rẹ̀.*

*Ọjọ́ méjì sẹ́yìn, 1:07. Ọwọ́ 4. A ti gbé e jáde.*

Mo na ìka sí i bí mo ṣe ń nà án sí pátákó ní kíláàsì. "Ẹ wò ó! Ẹ̀rọ yìí ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Gbogbo ilé yìí ní ìjẹta. Ẹ̀ta ló wà nínú ìjẹta, kì í ṣe èjì. Nǹkan kan kò bára mu níhìn-ín!"

Kí ẹ má fi mí ṣẹ̀sín jù. Mo gbọ́ èdè ìyá mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti di bírò mú, ọ̀rọ̀ á di iye lójú mi.

"Tíṣà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ka ìjẹta fún mi lórí ìka."

Mo nà án ní ìkánjú. "Òní. Àná. Ìje..."

Mo wo ìka mẹ́ta tí mo nà.

"Àwa máa ń ka òní mọ́ ọn," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó di mẹ́ta. Ẹ̀rọ kì í ka òní. Ó di méjì. Kò sẹ́ni tó purọ́, ibi tí kóówá ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dọ́gba." Ó ti là á tán kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ wí. Mo mọ ojú yẹn. Ó rọra yíjú sí páálí ara ògiri. "Dúró ná. Ọlọ́wọ́, ṣí àpótí yìí kí n rí inú rẹ̀. Nọ́ńbà wo ló gbẹ̀yìn níbẹ̀?"

"Ẹẹ́fà, mà."

"Èèyàn mélòó ni?"

"Méje, mà. Òdo ni kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀..." Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Òdo ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àpótí, oókan ni ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí lọ. Ẹni karùn-ún, ìyẹn Màmá, ẹẹ́rin ni nọ́ńbà tirẹ̀. Lórí páálí, ẹlòmíràn ló ni ẹẹ́rin.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sórí àtẹ̀gùn, ó pe Àbíkẹ́yìn. "Ọmọ mi, ká ní o fẹ́ mú ọwọ́ ìyá rẹ nínú àpótí yẹn, nọ́ńbà wo lo máa tẹ̀?"

"Aárùn-ún! Ṣé ẹ ò rí i lára ògiri ni?" ni ohùn rẹ̀ dáhùn láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìbínú.

Ẹ̀gbọ́n mi padà wá ti ilẹ̀kùn. "Tíṣà, pa ìlà méjì rẹ yẹn rẹ́. Bó bá jẹ́ òun ni, ọwọ́ ẹni kẹfà ni ì bá sọnù. Ẹni tó tẹ ẹẹ́rin, bó bá jẹ́ ẹni tó mọ òdo ni, Màmá ló fẹ́ mú. Méjì péré ló mọ òdo nílé yìí. Ọ̀gá ni ọ̀kan, òun ló sì ń sunkún ìyá rẹ̀. Ọlọ́wọ́ ni èkejì."

Ọmọ náà tẹ orí ba.

"Ọlọ́wọ́ kò sì sí nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà kì í jó èèyàn níka, iná ilé ìdáná kì í sì í jóni roboto báyìí. Òjé yíyọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ lo wà, ọmọ mi. Ìwọ lo jó wáyà wọ̀nyẹn."

Ọlọ́wọ́ fi àtàńpàkò bo àpá náà. "Ó ti tó oṣù mẹ́rin, mà. Bí wọ́n bá ti ń jẹun ọ̀sán ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. O ṣeun. Nígbà tí ìwọ wà nísàlẹ̀ tí ò ń bá wọn ṣe tiwọn, níbo ni wọ́n máa ń wà?"

"Wọ́n máa ń ní àwọn ń lọ na ẹsẹ̀, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kan 44 tó wà lójú kọ̀ǹpútà. "Ìka tó ń gbọ̀n, ó máa ń tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí i pé ó ti di méjì, ó pa ọ̀kan rẹ́, ó tún un tẹ̀. Ẹẹ́rin. Nọ́ńbà Bàbá Wáyà lórí páálí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo wo ìwé mi níbi tí mo ti kọ "iṣẹ́ mi rí mi" pẹ̀lú ẹ̀rín, ojú sì tì mí.

*

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí a tún sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò gbá Bàbá náà lọ́rùn ẹ̀wù mú ni. Ó fa àga, ó jókòó tì í bí ẹni tó wá kí ìbátan.

"Mi ò wá mú yín, Bàbá. Aago ni mo wá sọ fún yín. Ó ku ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ tó ń bo àṣírí yín."

Bàbá Wáyà tẹjú mọ́ ife tíì rẹ̀.

"Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ibi tí òun wà, òun ti bọ́. Kò sọ ọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà..."

"...kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni Bàbá náà parí rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára ife tíì, ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì kí a lè rí wọn. Wọ́n ń gbọ̀n. Ìró wọn ń dún lórí pákó, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ẹ wò ó. Ta ló máa gbé wáyà fún èyí? Ogójì ọdún, ọwọ́ yìí nìkan ni mo ní tí mo ń jẹ́ èèyàn. Wọ́n ní gbogbo ayé ló máa rí i. Mo ní kí n yọ tèmi kúrò, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Mo ti wo Ọlọ́wọ́ tó ń ṣe é nígbà púpọ̀."

"Ẹ ò pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀?"

"Mo gbé e sórí káàdì kékeré kan. Mo fẹ́ kọ́kọ́ rí i bó ṣe burú tó." Ó nu ojú pẹ̀lú apá aṣọ. "Mo dé ilé, mo de awò mọ́jú, mò ń retí ọwọ́ ara mi. Ọwọ́ Màmá ni mo rí. Ó ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló fi sí i, ó wọlé. Ọwọ́ òkú, kò gbọ̀n. Tèmi tí mo wà láyé ló ń gbọ̀n."

Èmi náà ní láti wo ibòmíràn.

"Bí mo bá dá a padà, wọ́n á béèrè ìdí tí mo fi mú un. Nígbà tí wọ́n wá mú ọmọ yẹn... Mo pe ara mi ní ojo, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé òkè."

"Ẹ máa bọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo mọ ọ̀nà àtẹ̀gùn náà."

*

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, Bàbá Wáyà dúró níwájú Ọ̀gá, ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀, láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó tú aṣọ pélébé kan nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó mú káàdì náà jáde. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tó fi bọ́ sílẹ̀, Àbíkẹ́yìn ló bá a ṣa á.

Ọ̀gá kò bú u. Bóyá ìbá ti sàn kó bú u. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yẹn kúnlẹ̀ níwájú mi ní àárọ̀ àná. Ẹ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ wò mí."

"Mo wò yín. Ẹ dárí jì mí. Ọlọ́wọ́, dárí jì mí. Orúkọ tèmi ni kí wọ́n yọ. Kí wọ́n sì bá mi yọ ọwọ́ mi kúrò, mo bẹ̀ yín, kí n tó lọ sílé."

"Kò ṣeé yọ, sà," ni Ọlọ́wọ́ wí.

Gbogbo wa yíjú sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kó dún sókè.

"Àwọn mẹ́fà yòókù, ọwọ́ wọn dúró gbọn-in. Kọ̀ǹpútà kọ́ wọn, ó mọ̀ wọ́n, inú mi dùn. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọwọ́ yín síwájú rẹ̀, ó ní òun ò rí ọwọ́ kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó ní kò sí. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń kọ́ ọ pé ọwọ́ nìyí, pé bó bá ń gbọ̀n náà, ọwọ́ ni. Ó ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bí a bá yọ ọ́, arúgbó tó bá wọ ayé inú awò wa kò ní lọ́wọ́."

"O ò sọ fún mi rí," ni Bàbá Wáyà wí.

"Ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀ rẹ̀, sà. Fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ẹ̀yin náà wà lára wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ti ń bá a káàkiri tó ọdún mẹ́fà, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́ rí.

Ọ̀gá ti ń de awò mọ́jú. Wọ́n fi káàdì náà sí i. Ó dúró láàárín yàrá, kò rí wa mọ́. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi ìka méjì di nǹkan tí kò sí mú, ó sún un mọ́ ìka méjì ọwọ́ kejì. Ó ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Omi ń ṣàn jáde lábẹ́ awò. Àbíkẹ́yìn dúró jìnnà fún ìgbà díẹ̀, ó wá lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó kàn mí," ló wí. Lẹ́yìn tí òun náà ti wò ó tán, kò tún dárúkọ ìwé ìkéde mọ́.

Ọ̀gá kúnlẹ̀ bẹ Ọlọ́wọ́, Ọlọ́wọ́ sáré gbé e dìde, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu ara wọn. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá fa páálí yẹn ya kúrò lára ògiri, ó mú òmíràn láti to orúkọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ó fi òdo bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ orúkọ Ọlọ́wọ́ síwájú rẹ̀. Orúkọ gidi ni, kì í ṣe ìnagijẹ. Ó dé ẹẹ́ta, ó dúró, ó wo Bàbá Wáyà fún ìgbà pípẹ́, ó sì kọ tirẹ̀ náà síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fún ọmọ ní òdo kí ojú lè tì í. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí òdo tí gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́ fún.

Nígbà tí aago márùn-ún kù díẹ̀, wọ́n pé jọ sídìí kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n máa tẹ̀ kí àpò irinṣẹ́ náà tó di ti gbogbo ayé. Gbogbo wọn wo Ọlọ́wọ́, nítorí òun ló tọ́ sí. Ọlọ́wọ́ dìde lórí àga rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́."

Ó kọ̀, ó ní ọwọ́ òun ò dára. Kò sẹ́ni tó kúrò níbi tó wà. Ó wá jókòó. Ó na ìka rẹ̀ síwájú gbogbo wa, ìka náà ń gbọ̀n.

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó pa ọ̀kan rẹ́.